Ọ̀rọ̀ Sikọ́láṣíìpù: Ẹni Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Ọ̀rẹ́ wa kan rí ààyè gbà láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Inú gbogbo wa dùn. Ìyá rẹ̀ se ìrẹsì, a kóra jọ sí ilé wọn ní Moss Side, àwọn àǹtí sì ṣàdúrà títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló tó gbọ́ pé sikọ́láṣíìpù kan wà fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó dàgbà sí ilẹ̀ yìí, pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó gbà á wọlé gan-an ló ń fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kalẹ̀ fún un, àti pé ọjọ́ ti kọjá. Ó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kan ìdí tí wọn kò fi dárúkọ òun. Èsì tó gbà ni pé: "A ò mọ̀ pé o nílò rẹ̀."

Olùkọ́ náà ò parọ́. Ọ̀rẹ́ wa kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sówó nílé. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ò sì béèrè. Láàárín ẹni tí kò sọ àti ẹni tí kò béèrè ni ọ̀pọ̀ àǹfààní ti ń bọ́ mọ́ àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí a ṣe ń wá iṣẹ́ ni a ṣe ń wá sikọ́láṣíìpù: ká gba fọ́ọ̀mù, ká kọ ọ̀rọ̀ sí i, ká máa retí èsì. Àwọn kan rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó tó wà fún oyè gíga, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fa èèyàn kalẹ̀ fún un. Níhìn-ín ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yunifásítì bíi Manchester, Liverpool àti Lancaster ti para pọ̀ láti máa pín owó ìwádìí tí ìjọba ń san. Kí ìgbìmọ̀ wọn tó rí orúkọ rẹ, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ wọ̀ gbọ́dọ̀ ti gbà láti gbé ọ lárugẹ. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́ níbẹ̀, ta ni yóò dárúkọ rẹ?

Ẹ wo ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Ní ọdún 2019, àjọ Leading Routes gbé ìròyìn kan síta lórí owó tí àwọn àjọ ìwádìí ìjọba ná sórí oyè ọ̀mọ̀wé láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹni 19,868 ni wọ́n fún lówó. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí òbí wọn kan jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó wà nínú wọn jẹ́ 245 péré. Ìdá 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Iye wa tó wà ní yunifásítì ilẹ̀ yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí yunifásítì kéde nǹkan bíi £8 mílíọ̀nù fún iṣẹ́ àkànṣe 13 láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó tí ẹni tó yẹ kó gbà á kò gbọ́ nípa rẹ̀, kò yàtọ̀ sí owó tí kò sí.

A kò fẹ́ purọ́ fún ara wa: ẹ̀kọ́ ilé wa náà wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe àṣejù níwájú àgbà, kì í tọrọ nǹkan kiri, kì í sì í sọ ìṣòro ilé fún ará ìta. A máa ń kí olùkọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a ó jókòó sẹ́yìn, a ó gba máàkì tó dára, a ó lọ sílé. Wákàtí tí olùkọ́ yà sọ́tọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá bá a sọ̀rọ̀, a kì í lọ. Ẹgbẹ́ wa tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ń lọ ní tirẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún un nílé pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ èèyàn. Ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí wa fún wa kò burú. Àmọ́ àwọn náà ló sọ fún wa pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àwọn kan nínú wa kò tilẹ̀ fẹ́ irú owó yìí rárá. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe alágbe, àti pé bí àwọn bá gbà á, wọ́n á ní àwọ̀ ara ló gbé àwọn wọlé. A gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fà kalẹ̀ ti kọ́kọ́ yege kí wọ́n tó gbà á sílé ẹ̀kọ́. Òfin ìdọ́gba ọdún 2010 náà fàyè gba ilé ẹ̀kọ́ láti ran àwọn tí iye wọn kéré lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sẹ́ni tó gòkè láìsí ẹni tó gbé e. Arthur Lewis, ọmọ erékùṣù St Lucia, sikọ́láṣíìpù ìjọba ló gbé e dé London School of Economics ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tó yege, ilé ẹ̀kọ́ náà tún fún un ní òmíràn kó lè gboyè ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1948 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbí ní Manchester, ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní ọdún 1979 ó gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹ lè rí orúkọ rẹ̀ lára ilé ńlá kan ní yunifásítì náà lónìí. Àwọn baba wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1945 fi fífún àwọn ọmọ ní owó ẹ̀kọ́ sára iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ta ló pe ìyẹn ní agbe?

Ẹni tí kò bá rí i gbà, gbèsè ló kù. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti ń yá èèyàn lówó fún oyè Masters, £10,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ti oyè ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 pẹ̀lú £25,000. Orí gbèsè oyè àkọ́kọ́ ni yóò gùn. Àwọn Mùsùlùmí inú wa tí kò fẹ́ fọwọ́ kan owó èlé tilẹ̀ ń pa ìwé tì nítorí rẹ̀.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn yunifásítì kò le. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìgbàwọlé pé irú ètò báyìí wà, ọjọ́ tó máa parí àti ohun tí wọ́n ń wò. Kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dárúkọ ara rẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ má dúró. Ọ̀pọ̀ ètò yìí ń parí ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, nítorí náà oṣù kẹwàá ni kí ẹ ti kọ̀wé sí olùkọ́ tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Ẹ bi í pé: ṣé ètò kan wà tí ẹ̀ka yín ń fa akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kalẹ̀ fún? Ìgbà wo ló máa parí? Ṣé ọmọ onílé nìkan ló wà fún, àbí àwọn tó ti òkè òkun wá náà? Ẹ sọ bí nǹkan ṣe rí nílé. Bí fọ́ọ̀mù bá sì béèrè ẹ̀yà yín, ẹ má fò ó.

Ọ̀rẹ́ wa sún ìwọlé rẹ̀ sí ọdún tó ń bọ̀. Ní oṣù kẹwàá ó kọ ímeèlì ìlà mẹ́rin sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kejì pé àwọn á fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò tíì mọ ibi tí yóò já sí. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n mọ̀ pé ó nílò rẹ̀.