Iṣan Kì Í Tì, Fífà Ni Í Fà

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń tọ̀ wá wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a sì rò pé ó tó àkókò láti dáhùn rẹ̀ ní ojú ewé yìí. Kí ni ó dé tí arúgbó tí ó ṣubú, tí egungun rẹ̀ kò ṣẹ́, tí a tẹ́ ẹní fún, tí a ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu, tí a kò jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ kankan, fi di ẹni tí kò lè na ẹsẹ̀ mọ́ kí oṣù méjì tó pé? Àwọn aládùúgbò a máa wí pé ayé ni ó dè é lẹ́sẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó bá mọ bí iṣan àti oríkèé ti ń ṣiṣẹ́ kò ní wá ọ̀tá kiri, nítorí pé yóò rí okùn tí ó dè é nínú ara arúgbó náà fúnra rẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí ilé ìdáná. Nígbà tí a bá pa adìẹ, tí a sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní oríkèé, àwọn ọmọdé a máa du ẹsẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nítorí pé okùn funfun kan yọ jáde ní ojú ibi tí a gé. Bí wọ́n bá fa okùn ti ẹ̀yìn, ìka ẹsẹ̀ adìẹ yóò ká. Bí wọ́n bá fa ti iwájú, ìka náà yóò là. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ọmọ tí ó lè fi okùn kan náà ṣe méjèèjì. Bí ó bá gbìyànjú láti ti okùn náà padà, okùn yóò kàn ká jọ ni, ìka kò sì ní mira.

Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣan, ni a fi ń pe ohun púpọ̀: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, okùn funfun tí a wí yìí, àti ẹran ara pupa tí ń súnkì. Ti ìkẹyìn yìí ni a ń sọ lónìí. Ó ju 600 lọ nínú ara ènìyàn, egungun àgbàlagbà sì jẹ́ 206. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn iṣan wọ̀nyí so mọ́ egungun ní ìhín àti ní ọ̀hún, wọ́n ré oríkèé kọjá láàárín, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀, èyíinì ni kí wọ́n súnkì, kí egungun kan lè súnmọ́ èkejì. Wọn kò lè tì. Nítorí náà ni a fi tò wọ́n ní ìdojúkọ ara wọn yí oríkèé ká. Ẹ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú, kí ẹ sì ká ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni tí ó fẹ́ fi òkèlè sí ẹnu. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ti iwájú apá ti ń le. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ tábìlì mọ́lẹ̀. Ti ẹ̀yìn apá ni yóò le.

Ìdí tí iṣan kò fi lè tì kò hàn kedere títí di ọdún 1954. Ní ọdún náà, Andrew Huxley àti Rolf Niedergerke ní apá kan, Hugh Huxley àti Jean Hanson ní apá kejì, tẹ ìwádìí wọn jáde papọ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature. (Àwọn Huxley méjèèjì kì í ṣe ìbátan, orúkọ ni ó pa wọ́n pọ̀.) Wọ́n rí i pé fọ́nrán tín-ín-rín oríṣi méjì wà nínú iṣan, tí wọ́n wọ àárín ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tí a há mọ́ ara wọn. Nígbà tí àṣẹ bá ti ọpọlọ wá, fọ́nrán kan a máa yọ́ wọlé sí àárín èkejì, iṣan a sì kúrú. Kò sí ohun kan nínú wọn tí ń ti ara rẹ̀ padà síta. Alábàáṣe rẹ̀ ní òdìkejì oríkèé, tàbí ìwúwo ara, ni yóò fà á gùn.

Oríkèé pẹ̀lú kì í ṣe oríṣi kan. Ìgbọ̀nwọ́ ń ṣí, ó sì ń padé bí ilẹ̀kùn lórí ìwakùn. Ti ìbàdí ń yí bí orí ọmọ odó nínú odó. Ní ibi tí egungun méjì ti pàdé ni ohun funfun kan wà tí ń dán, tí ó rọ̀ ju egungun lọ, èyí tí àwọn ọmọ máa ń fi eyín họ ní orí egungun itan adìẹ. Omi kan sì wà níbẹ̀ tí ń yọ̀ bí funfun ẹyin. Ohun funfun yìí kò ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Láti inú omi náà ni ó ti ń jẹun, ìlọ-bọ̀ oríkèé ni ó sì ń fún omi náà wọ inú rẹ̀. Oríkèé tí a kò bá lò, ebi ń pa á.

Ará Ítálì kan, Giovanni Borelli, tí ìwé rẹ̀ lórí ìrìn àwọn ẹ̀dá jáde ní ọdún 1680 lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi ìṣirò hàn pé agbára tí iṣan ń ná pọ̀ ju ẹrù tí a rí lọ. Iṣan iwájú apá so mọ́ egungun ní nǹkan bí íǹṣì 2 sí ìgbọ̀nwọ́, àtẹ́lẹwọ́ sì jìnnà sí ìgbọ̀nwọ́ ní nǹkan bí íǹṣì 14. Ẹni tí ó bá ká ọwọ́ tí ó fi di ẹrù kílò 10 mú, nǹkan bí agbára kílò 70 ni iṣan rẹ̀ ń fà. Ìbá dára bí àwọn tí ń di ẹrù àgbà fún ọmọdé bá lè ro irú ìṣirò yìí wò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí orí ẹní arúgbó. Nígbà tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, orúnkún a máa ká díẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ara ti rọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ a tilẹ̀ fi ìrọ̀rí sí abẹ́ rẹ̀ fún un. Báyìí ni iṣan tí ń ká orúnkún yóò wà ní kíkúrú lọ́sàn-án lóru. Iṣan tí kò bá sì rí ẹni fà á gùn a gba kíkúrú náà bí ìwọ̀n tirẹ̀. Alábàáṣe rẹ̀ tí ń na ẹsẹ̀ a sì máa joro. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, àwọn àgbàlagbà dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10 péré, nǹkan bí kílò 1 sì dínkù nínú ẹran ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá mà ni wọ́n o!

Ti àrùn rọpárọsẹ̀ fẹ́ jọ èyí. Àṣẹ ọpọlọ kò dé bí ó ti yẹ, iṣan tí ń ká ọwọ́ a sì borí èyí tí ń nà án. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ aláìsàn fi ń ká mọ́ àyà. Bí teguntegun bá sì di igi mọ́ apá le jù, tí ìka tutù, tí ó dúdú, tí ó sì ń ro aláìsàn gógó, iṣan abẹ́ rẹ̀ ń kú nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀. Kí a tú u lójú ẹsẹ̀, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kò sọ pé kí iṣan má gbọ́ ẹ̀kọ́ mọ́. Ní ọdún 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston kọ̀wé nípa arúgbó 10 ní ilé ìtọ́jú, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 86 sí 96. Wọ́n mú kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tí ó parí rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn méjì sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí dókítà bá ti wí pé kò sí egungun tí ó ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí àgbà máa jókòó, kí ó sì máa dìde láti orí àga ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́, kí ẹnìkan dúró tì í. Ẹni tí kò bá lè dá a ṣe, ẹ máa bá a na oríkèé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, láìfi ipá ṣe é. Oríkèé tí ó wú tí ó sì gbóná, ẹ fi í sílẹ̀ fún dókítà. Ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú, ẹ má ṣe fà á láti fi gbé aláìsàn dìde, nítorí pé iṣan tí ó ti rọ kò lè di oríkèé èjìká mú, ó sì lè yẹ̀. Ẹ yọ ìrọ̀rí kúrò lábẹ́ orúnkún.

A mọ̀ pé ẹnu ayé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń bẹ̀rù, kí a má baà wí pé ọmọ kò tọ́jú ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń fi í ṣe. Síbẹ̀, bí Ìyá Àgbà bá ní kí a gbé àtẹ ẹ̀gúsí wá kí òun máa bó o, kí ìyàwó ilé gbé e wá fún un, kí ó sì gbé e sí ibi tí Ìyá yóò ti na ọwọ́ díẹ̀ kí ó tó kàn án.