Ẹ Dá Wolé-Wolé Padà: Ìdí Kànga Ló Yẹ Ká Ti Pàdé Ibà Jẹ̀funjẹ̀fun

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ àti káńsẹ́lọ̀, ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní táífọ́ọ̀dù kì í ṣe àìsàn tó yẹ ká máa dúró dè ní ọsibítù. Ìdí kànga ló yẹ ká ti pàdé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí kòkòrò rẹ̀ ń ṣe nínú ìfun yóò gbà pẹ̀lú wa.

Ara ènìyàn nìkan ni Salmonella Typhi, kòkòrò tó ń fa ibà yìí, fi ṣe ilé. Kò sí lára ewúrẹ́, kò sí lára adìyẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá kó o, ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ ẹlòmíràn ló bá omi tàbí oúnjẹ wọ ẹnu rẹ̀.

Bí kòkòrò náà bá la omi kíkan inú àpòlúkù já, ìfun kékeré ló ń kọrí sí. Ikun tó ń yọ̀ ló bo awọ inú ìfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì fara ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí kí ohun burúkú má baà kọjá. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Kòkòrò yìí kì í dúró de ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ń là á lẹ́nu. Ó ní ohun èlò ṣóńṣó kan tó fi ń gún sẹ́ẹ̀lì, tó fi ń tú èròjà sí i nínú. Lójú ẹsẹ̀, awọ sẹ́ẹ̀lì náà á wú, á yí kòkòrò ká, á sì gbé e mì. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó pa á á gbé e mì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n inú wọn ló ti ń bí sí i, tí wọ́n fi ń gbé e dé ẹ̀dọ̀ àti àpò òróòro.

Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ibà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìtọ́jú gidi kò bá sí, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta àìsàn, ìfun lè dá lu. Ikùn aláìsàn á le koránkorán, ohun tó wà nínú ìfun á tú síta. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Nínú 100 ẹni tí ara wọn yá, bí 2 sí 5 ṣì ń gbé kòkòrò náà nínú àpò òróòro, wọ́n sì ń yà á mọ́ ìgbẹ́ láìmọ̀.

Ẹ wá wo ọgbà ilé wa. Kànga wà níwájú, ṣáláńgá wà lẹ́yìnkùlé nítòsí. Ike ìfami tí wọ́n gbé kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n tún ń jù sínú omi. Bí ibà bá dé, a ó sáré lọ ṣe àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Láti 1896 ni àyẹ̀wò yẹn ti wà, ó sì lè pe ibà tí ẹ̀fọn fà ní táífọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ là ń lo oògùn apakòkòrò lásán, tí kòkòrò fi ń di èyí tí oògùn kò ràn.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Àkọ́kọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ gba wolé-wolé, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò, síṣẹ́ padà, kí wọ́n máa yẹ kànga wò lójúlé dé ojúlé, kí wọ́n sì máa fi klorín sí i. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ṣáláńgá sí ibi tí kò tó mítà 30 sí kànga. Ẹ̀kẹta, kí ọsibítù ìjọba ní ohun èlò láti gbin kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wò, ká yé gbára lé Widal. Ẹ̀kẹrin, abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2018, tí ọmọ oṣù mẹ́fà lè gbà, kí ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ wa.

Àwọn kan á ní òfin ti wà. Lóòótọ́, ní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìgbẹ́ yíyà ní gbangba dópin, ó sì fi 2025 ṣe gbèdéke. Àṣẹ tí kò ní ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò kò lè dáàbò bo kànga. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé wolé-wolé á máa gba rìbá. Kí a lẹ orúkọ wọn àti àbájáde iṣẹ́ wọn mọ́ ara ògiri káńsù, kí gbogbo ará ìlú máa kà á. Ẹni tó bá sì ní owó kò sí, kó fi owó iṣẹ́ abẹ ọmọ kan wé owó klorín kànga kan.

Ní ìpàdé àdúgbò tó ń bọ̀, ẹ bi káńsẹ́lọ̀ yín léèrè: wolé-wolé mélòó ló wà ní wọ́ọ̀dù wa, ìgbà wo ni wọ́n sì yẹ kànga wa wò kẹ́yìn? Ẹ má tú ká láìgba èsì.