Lumba Brothers, Kùmásì àti Àwa

Ikú Daddy Lumba, gbajúgbajà olórin Gánà, ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2025, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn ará Gánà nìkan. Bí a bá tú ìtàn orin rẹ̀ wò dé gbòǹgbò, a ó bá ọwọ́ ìjọba tiwa níbẹ̀.

Àwọn àgbà tí wọ́n ṣòwò ní Kùmásì kò ní í gbàgbé Aboabo, àdúgbò Sóńgò tí àwọn àjòjì onírúurú èdè ń gbé. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Ọ̀pọ̀ ará wa fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Àpò tí a ń pè ní Gánà-mọ́ọ̀-gò ni ẹlẹ́rìí. A kò gbọdọ̀ fi ti ìṣáájú dá ti ìkẹyìn láre.

Bí ọ̀nà Èkó ti dí, tí òfin kónílé-ó-gbélé ìgbà Rawlings sì pa ilé ijó mọ́, Jámánì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Gánà kọjú sí. George Darko, tí ó ti ṣáájú débẹ̀, ni ó lànà pẹ̀lú “Akoo Te Brofo” ní 1983. Dùùrù oníná àti ẹ̀rọ tí ń lu ìlù fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀wọ́ àwọn afunfèrè. Orin náà ni wọ́n ń pè ní bọ́gà háíláìfù.

Ọ̀nà yìí ni Charles Kwadwo Fosu, ẹni tí í ṣe Daddy Lumba, àti Nana Acheampong tọ̀. Ní ilé-ìwé, orúkọ Patrice Lumumba, akọni ilẹ̀ Kóńgò, ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Fosu fi ń pè é. Òun ni a gé kúrú di Lumba. (Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ ìtàn a máa so èso níbi tí a kò fojú sí!) Àìrówó dá àwo àkọ́kọ́ àwọn méjèèjì dúró títí di 1989, kí ìyàwó Lumba tó náwó sí i. “Yɛɛyɛ Aka Akwantuo Mu” ni àkọlé rẹ̀, èyí tí a lè túmọ̀ sí pé a fẹ́ há sí ìrìn-àjò.

Àwọn kan ń ráhùn pé ẹ̀rọ gba oúnjẹ lẹ́nu afunfèrè. Òótọ́ ni, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n láàárín òtútù Jámánì, èdè Tíwì ìyá wọn ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi kọrin. Ẹ̀rọ àjòjì kò gba ahọ́n lẹ́nu wọn. Èyí ni àwa kà sí iṣẹ́ ńlá.

Láti 1990 ni Lumba ti ń dá ṣe àwo tirẹ̀, tí ó lé ní 30 kí ó tó kú ní Accra, ẹni 60 ọdún. Kò há sí ìrìn-àjò. Ti àwọn ará wa tí wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní Kùmásì ní 1969 ńkọ́? Àwa kò tíì gbọ́ àwo orin Yorùbá kan tí ó rò ó fún wa tó bẹ́ẹ̀.