Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Bí wọ́n bá pa á lówe fún èèyàn pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni pé kó mọ ara rẹ̀ ní òtòṣì. A ti sọ òwe náà di ẹgba tí a fi ń na ẹni tó fẹ́ ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ òwe náà ò sọ pé kí ìtẹ́ kéré. Eku ló ní ká kọ́kọ́ wọ̀n. Ìtẹ́ tó bá ju eku lọ náà lábùkù, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó tẹ̀ lé ẹni tó ń lọ ra ẹ̀rọ amúlétutù n'Ílọrin lóṣù kẹta.

Lóṣù yẹn, ooru ọ̀sán máa ń ju 35°C lọ. Bó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Tanke tàbí Gaa-Akanbi, ẹ fọwọ́ kan ògiri búlọ́ọ̀kù tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó rí i pé ó ṣì gbóná. Ẹni tí ooru ti lé sẹ́yìnkùlé kì í ráyè ìwọ̀n. Ó dé ìsọ̀, ọlọ́jà ní, "Ẹ̀gbọ́n, pálọ̀ ni àbí yàrá?" Ó parí. Bówó bá wà lọ́wọ́ oníbàárà, AC họ́ọ̀sì 2 ni wọ́n á gbé fún un, kó má baà kéré.

AC kì í ṣe òtútù jáde o. Ooru ló ń kó nínú yàrá lọ dà síta. Omi tó ń sun lára àmù tí àwọn ìyá amọ̀kòkò Dada ń mọ l'Okelele n'Ílọrin, bó ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru omi inú rẹ̀ lọ. Bákan náà ni gáàsì inú AC ń di oru nínú ilé, ó ń gba ooru mọ́ra, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á tẹ̀ ẹ́, á lọ tú ooru náà dànù níta. Nílùú Ọba, wọ́n ń lo irú rẹ̀ láti kó ooru ìta wọlé nígbà òtútù. Ìjọba ń fún onílé ní England àti Wales ní owó tó lè tó £7,500 láti fi gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣírò ooru tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń pàdánù ná.

Eku tiwa ni ooru tó ń wọ yàrá, ìtẹ́ sì ni AC. Họ́ọ̀sì 1 tí wọ́n ń tà níbí ń kó ooru tó tó nǹkan bíi BTU 9,000 jáde ní wákàtí kan, 1.5 ń kó 12,000, 2 ń kó 18,000. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tó ní àjà tó dáa, tí igi ṣíji bò, họ́ọ̀sì 1 sábà máa ń tó o. Yàrá kan náà lábẹ́ páànù lásán, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, á béèrè 1.5. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jókòó síbẹ̀ pàápàá ń tú ooru bíi wáàtì 100 jáde.

Bí họ́ọ̀sì 2 bá wọ irú yàrá yẹn, kíá ni yóò tutù, ẹ̀rọ á kú, á tún tan, á tún kú. Gbogbo ìgbà tó bá ń tan ló ń fa iná gùdùgbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré á máa kérora. Ìgbà òjò ló burú jù. AC gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ kó tó fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tán. Èyí tó ń kú lójú ẹsẹ̀ á fi yàrá sílẹ̀ ní tútù tòun ti ọ̀rinrin, aṣọ ibùsùn á máa rùn. Èyí tó kéré jù ní tirẹ̀ ò ní sinmi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láti oṣù kẹrin 2024 ni yúníìtì iná Band A, ìpele àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, ti ju igba náírà lọ, họ́ọ̀sì 1.5 tí kì í ṣe inverter sì ń jẹ ju yúníìtì kan lọ ní wákàtí tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá fi ń sáré. Inverter ń dín eré ara rẹ̀ kù, ó ń bo àṣìṣe díẹ̀, àmọ́ ó níbi tí kò lè dín in kù mọ́.

Lójú tèmi, eku ló yẹ ká kọ́kọ́ dín kù. Onílé tó bá fẹ́ náwó, kó ti ara àjà bẹ̀rẹ̀. Ayálégbé tí wọn ò gbà kó fọwọ́ kan àjà, kó ta kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé ìwọ̀ oòrùn, kó wá mú téèpù, kó wọn gígùn, ìbú àti gíga yàrá, kó sì ka iye èèyàn tó ń sùn níbẹ̀ fún oníṣẹ́. Oníṣẹ́ tí ò bá béèrè ìkankan nínú wọn, èmi ò ní jẹ́ kó lu ògiri mi.