"I better pass my neighbour": Ta la wá sàn jù gan-an?

 

Bí wọ́n bá ní kí kálukú wa dárúkọ nǹkan kan ṣoṣo tí ì bá wù ú kí àwọn tó ń dá nǹkan sílẹ̀ láyé má ṣe rárá, a mọ̀ pé ẹnu ò ní kò. Ẹlòmíràn á ní gbohùngbohùn tí wọ́n gbé kọ́ sára ọkọ̀, tó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí láti àárọ̀ kùtù. Ẹlòmíràn á ní ọ̀rá piọ wọ́tà tó dí gbogbo gọ́tà. Àwa ọlọ́jà, púpọ̀ nínú wa á dárúkọ alẹ́ẹ̀tì orí fóònù, nítorí ayédèrú alẹ́ẹ̀tì tí àwọn gbájúẹ̀ fi ń gbé ọjà lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ń bíni nínú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí àwa fẹ́ kí wọ́n kó padà síbi tó ti wá ni jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour.

Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ! Kì í ṣe àwọn ará Ṣáínà tó ń kó o wá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà la sọ ọ́, lédè tí tọmọdé tàgbà ń sọ ní Warri níbí. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ṣùgbọ́n eléyìí ò ní ìjánu rárá. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ó ń tan iná sí yàrá kan, ó ń da èéfín sí yàrá méje tó kù.

Ẹ wo ẹ̀rọ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Agbára rẹ̀ kò tó kílówáàtì kan. Gílóòbù mélòó kan, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, ó parí. Bí ìyàwó ilé bá fi áyọ̀ọ̀nù kan sí i pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí a ní láti po epo ẹ́ńjìnì mọ́ pẹtiróòlù kó tó lè ṣiṣẹ́. Epo ẹ́ńjìnì yẹn ló ń jó mọ́ pẹtiróòlù, òun ló ń di èéfín aláwọ̀ eérú tó ń ta lójú bí ata. Ní ti ariwo, a ò tiẹ̀ mọ ohun tá a lè fi wé. Ṣebí àwọn àgbà ti sọ ọ́, pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a ò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn àgbà yẹn ò tíì rí jẹnẹ o! Nínú ilé onífesì-mí-áí-fesì-yú, bí yàrá mẹ́jọ bá tan jẹnẹ mẹ́jọ pọ̀, ẹni tó wà ní yàrá kẹsàn-án kò lè gbọ́ àdúrà ara rẹ̀. Èyí tó wá máa ń yani lẹ́nu jù ni pé kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ pa tirẹ̀. Bí tìrẹ bá ń dún, èmi náà á jẹ́ kí tèmi dún. Ọmọ ìkókó ńkọ́? Arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ẹni tó ń jí lọ sọ́jà ní aago mẹ́rin ńkọ́?

Ariwo ṣì sàn. Ohun tí kì í pariwo ló ń pa èèyàn. Nínú èéfín jẹnẹ, gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èéfín tí a fojú rí yẹn kọ́ ni. Bí èèyàn bá fà á símú, á wọnú ẹ̀jẹ̀, á gba ipò tó yẹ kí atẹ́gùn rere wà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn rere lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, ara á wá rọ̀ jọ̀ọ̀, oorun á dé. Ẹni ọ̀hún á ní ibà ló fẹ́ ṣe òun, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló máa ń di títí láé. Ní ọdún 2024, ní Amassoma ní ìpínlẹ̀ Bayelsa, ibi tí kò jìnnà sí wa, àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kú sínú yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, èéfín jẹnẹ ni wọ́n sì fura sí. Wọn ò jà, wọn ò ṣàìsàn. Wọ́n kàn ń kọrin ni.

Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ó kéré tán, kí jẹnẹ fi ogún ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí ilé, kí ẹnu tó ń tú èéfín sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ó dáa. Ṣé kí a bi ara wa léèrè ibi tí ogún ẹsẹ̀ bàtà wà nínú ilé tí à ń gbé? Nítorí olè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń gbé e sí, tí a ó fi ṣéènì dè é mọ́ irin ẹnu ọ̀nà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fèrèsé ṣíṣí tan yín o. Atẹ́gùn tó ń gba fèrèsé wọlé gan-an ló ń gbé gáàsì náà wá bá ẹni tó ń sùn.

Àgbègbè wo wá ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀? Ní Aladja! Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tẹ́ ẹ kàn ń rí àwọn páànù tó ti dípẹtà yẹn tẹ́ ẹ bá ń kọjá, ẹ gbọ́. Ọdún 1982 ni Ààrẹ Shehu Shagari wá ṣí ilé iṣẹ́ irin Delta Steel. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yọ́ irin níbẹ̀. Irin o, kì í ṣe òrí. Iṣẹ́ yẹn ló gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá síbí láti Ọ̀ṣun, láti Oǹdó, láti Kwara, kí àwa oníṣòwò tó tẹ̀lé wọn. Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni Ughelli wà, níbi tí wọ́n ti ń fi gáàsì ilẹ̀ yìí ṣe iná láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Ekpan náà nìyẹn, tí wọ́n kọ́ ilé ìfọpo sí ní 1978. Gáàsì ń jó lójú ọ̀run lóru, tí àwa sì ń fa okùn jẹnẹ nínú òkùnkùn. Bí a bá sọ ọ́ fún àlejò, á ní à ń pa àlọ́.

Wọ́n á ní ìjọba ló jẹ̀bi. Ta ló ní kò jẹ̀bi? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí jẹnẹ kékeré ti ṣe fún ìjọba yẹn. Kí ẹ̀rọ yìí tó gbòde, olówó ńláńlá nìkan ló ní jẹnẹ. Bí NEPA bá mú iná lọ (a mọ̀ pé orúkọ yẹn ti kúrò nílẹ̀, ó di PHCN ní 2005, wọ́n sì tà á fún aládàáni ní 2013, àmọ́ ẹnu wa ò lè pe òmíràn), gbogbo àdúgbò ló ń ṣókùnkùn pọ̀, àti onílé àti ayálégbé. A ò sọ pé ìgbà yẹn dùn o. Fìtílà sun ilé, kẹrosíìnì àdàlù sun ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ bí tiransifọ́mà bá bàjẹ́ nígbà náà, kì í pẹ́ tí bàbá kan á fi máa kan ìlẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Wọ́n á dáwó, wọ́n á yan èèyàn mẹ́rin tó lẹ́nu, ìyẹn á lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn títí wọ́n á fi dá wọn lóhùn. Urhobo, Yorùbá, Íbò, Ìjọ, wọ́n jọ lọ ni, torí òkùnkùn kan náà ló bá gbogbo wọn. Nígbà tí iná bá sì dé, igbe "Up NEPA!" á sọ lẹ́ẹ̀kan náà láti òpin àdúgbò dé òpin àdúgbò.

Lónìí ńkọ́? Bí tiransifọ́mà bá jó, ẹni tó ní jẹnẹ á fa okùn, iná á tàn, ọ̀rọ̀ bù ṣe. Bí wọ́n bá ní kó mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá, á ní òun ò ṣe, òun ní tòun. Ẹni tí kò ní jẹnẹ, tí ì bá sì figbe ta, òun nìkan ò lè lọ jókòó sí ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Bó bá tiẹ̀ figbe ta, ariwo jẹnẹ á bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ta iná fún wa mọ èyí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá mú wa dúró ní oṣù mẹ́ta, a ó ti wá nǹkan ṣe sí i. Ìdí nìyí tí a fi kórìíra ẹ̀rọ yìí ju gbohùngbohùn àti ọ̀rá piọ wọ́tà lọ. Ó ń jẹ́ kí òkùnkùn ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò owó, torí ọlọ́jà ni wá. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí ìjọba fọwọ́ sí kò tó 200 náírà fún lítà kan. Kò pé oṣù méjì tó fi kọjá 600. Ẹ ní ká fi í sí 900, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní a bù mọ́ ọn. Bí èèyàn bá ń jó lítà mẹ́ta lálẹ́ kan, 2,700 náírà nìyẹn. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, 81,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000! Yàrá mẹ́jọ nínú ilé kan, 648,000 lóṣù kan. A ò tíì ka epo ẹ́ńjìnì, a ò tíì ka plọ́ọ̀gì, a ò tíì ka owó rìpíà.

Nígbà tí wọ́n gbé yúnìtì iná àwọn ará Band A láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo ayé ló figbe ta, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lítà epo kan nínú jẹnẹ kékeré, bó ṣe wù kó ṣe dáadáa tó, kò lè fún wa ju bíi yúnìtì kan lọ. Ìyẹn ni pé 900 náírà là ń ra yúnìtì kan lọ́wọ́ jẹnẹ, ìlọ́po mẹ́rin, láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀. Kódà à ń fi ṣe fáàrí.

A gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Àwọn tó ń gẹ irun ńkọ́, àwọn télọ̀, ìyá tó ń ta ẹja inú fírísà, ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC? A ò ní kí ẹnikẹ́ni ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń fi í ṣe, lọ́sàn-án, níta gbangba. Òru inú ilé là ń bá wí. A ò sì sí lẹ́yìn irú òfin tí sẹ́nétọ̀ kan láti ìpínlẹ̀ Niger gbé wá ní oṣù kẹta ọdún 2020, pé kí wọ́n ju ẹni tó bá ń ta jẹnẹ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí kò fún wa níná tún fẹ́ mú wa torí pé a wá iná! Àwọn alára ò fi jẹnẹ ṣeré mọ́. Nínú ìṣúná ọdún 2025, bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún sólà ní Aso Rock. Bí ilé Ààrẹ kò bá gbójú lé NEPA, tí kò sì gbójú lé jẹnẹ, kí ni tiwa?

Ẹlòmíràn á ní sólà wọ́n, àti pé onílé kò ní jẹ́ kí ayálégbé gun òrùlé òun. Òótọ́ ni fún ẹnì kan ṣoṣo. Ó wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ dá a rà. Àmọ́ ilé tó ń jó 648,000 lóṣù lè jọ bá onílé sọ̀rọ̀, onílé á sì gbọ́, torí òrùlé rẹ̀ ló máa níyì sí i. Àjọ àti èsúsú wo la ò mọ̀ ọ́n dá? Aṣọ ẹbí la fi ń dá a, òkú àgbà la fi ń dá a. Bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì ò ṣòro ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó jẹ́ tiwa. Àlejò ni wá lórí ilẹ̀ yìí, bó ti wù ká pẹ́ tó. Àwọn onílẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ọmọ wa ti fẹ́ ọmọ wọn. Kò yẹ kó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń wá ilé tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ káwọn aládùúgbò sùn, ilé Yorùbá ni wọ́n ó nà ka sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, a ń fẹ́ kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí, kó má jẹ́ pé owó ìwúyè nìkan la ó tún fi gbogbo ọ̀sán jà lé lórí. Kí a fẹnu kò pé aago mẹ́wàá alẹ́ ni gbogbo jẹnẹ tó wà nínú ilé wa máa kú, àyàfi níbi tí aláìsàn bá wà. Kí jẹnẹ kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ láti òní lọ. Ìyẹn kò nílò ìpàdé. Kí kálukú sì ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ iye lítà tó ń rà àti iye owó rẹ̀ síbẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, kó mú un dání wá. Kí ẹnikẹ́ni má bù mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má yọ níbẹ̀. Akọ̀wé á rò gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójú wa.