Ẹ Ka Fọ́ọ̀mù Gáráńtọ̀ Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lù Ú

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó gba iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ọmọ lè jáde ìwé mẹ́wàá, ó lè mọ ọkọ̀ wà bí ẹni pé inú ọkọ̀ ni wọ́n bí i sí. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ gbà á, wọn á na fọ́ọ̀mù sí i pé kó lọ wá gáráńtọ̀ méjì wá. Onídùúró ni Yorùbá ń pè é. Àwọn àgbà ayé àtijọ́ ní onígbọ̀wọ́. Orúkọ yòówù kó jẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀: ẹni tó ní, "Bí eléyìí bá já yín kulẹ̀, èmi ni kí ẹ bi."

Ta ni àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń wá lọ? Kì í ṣe olówó inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà ni, ọ̀gá mẹkáníìkì ni, ọ̀gá télọ̀ ni, káfíńtà tó ti wà lójú kan náà láti ogún ọdún ni. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ilé-iṣẹ́ ń wá ẹni tí kò ní sá. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní nọ́ńbà, tí ìyálọ́jà mọ̀ ọ́n, tí ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n, ibo ló fẹ́ sá lọ? Ohun tó jẹ́ iyì fún oníṣòwò, òun náà ni wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀.

BÓ ṢE MÁA Ń LỌ

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà ń tà, àwọn kọsítọ́mà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ni ọmọ aládùúgbò bá yọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá."

"Òo, ọkọ mi. Ṣé kò sí o? Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà. Wọ́n ní kí n kí yín. Màmá, Ọlọ́run ti ṣe é o, mo ti ríṣẹ́ dírẹ́bà. Fọ́ọ̀mù yìí ló kù, kí ẹ bá mi sáìnì ẹ̀."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ ná?"

"Àh, Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ pé mo lẹ́nìyàn ni. Fótò pásípọ́ọ̀tù méjì àti nọ́ńbà NIN yín ni wọ́n ní kí n mú wá. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbà á o."

Màmá buwọ́ lù ú. Ojú ń tì í láti sọ níwájú kọsítọ́mà pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà ju òun lọ. Ojú ìyá ọmọ yẹn sì tún wà níbẹ̀: àwọn méjèèjì jọ ń dá èésú ni.

Oṣù méje kọjá. Ọmọ kó ọjà ilé-iṣẹ́ lọ, ó gba owó lọ́wọ́ àwọn tó kó o fún, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago títí, kò lọ. Ni wọ́n bá ṣí fáìlì, wọ́n yọ fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin mẹ́ta dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan tó wá túmọ̀ ìwé náà fún un, tó gbọ́ pé òun ti gbà láti san gbogbo ohun tó bá sọnù lọ́wọ́ ọmọ náà. Wọn kò kọ iye owó tó mọ sí. Wọn kò kọ ọjọ́ tó máa parí.

Bí Màmá bá sanwó, owó ọjà lọ. Bí kò bá san, orúkọ lọ. Àárín òun àti ìyá ọmọ sì ti dàrú, ì báà san, ì báà má san.

ÌWÉ MÉJÌ NI, WỌN KÌ Í ṢE Ọ̀KAN

Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà ni pé wọn kò mọ̀ pé oríṣi ìwé méjì ló wà.

Èkínní ni ìwé ẹlẹ́rìí ìwà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń bèèrè níbẹ̀ kò ju èyí lọ: láti ìgbà wo ni o ti mọ ọmọ yìí? Irú ìwà wo ló ní? Ṣé ó ń dé ibi iṣẹ́ lásìkò? Ṣé o lè fi owó sí i lọ́wọ́? Ẹni tó bá buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò gba gbèsè kankan sọ́rùn. Òótọ́ ni gbèsè tó jẹ. Kó sọ ohun tó mọ̀, kó má fi iyọ̀ sí i, kó má sì purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Èkejì ni ìwé onídùúró gan-an. Owó wà nínú eléyìí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ àdánù, tàbí sísan padà, tàbí pé "ohunkóhun tó bá sọnù," a ti kúrò nídìí ẹ̀rí ìwà. Gbèsè ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé síwájú ẹni yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè náà kò tí ì dé.

Nígbà mìíràn, wọn á pa méjèèjì pọ̀ sójú ìwé kan. Òkè á jẹ́ ìwà, ìsàlẹ̀ á jẹ́ owó. Ibi tí wọ́n ní kí ènìyàn buwọ́ lù, ìsàlẹ̀ ló wà.

KÌ Í ṢE ÒYÌNBÓ LÓ MÚ UN DÉ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà àjèjì ni. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń yáwó, tó sì ń fi ọmọ tàbí ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Onígbọ̀wọ́ máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó tún sọ nípa ológò. Bí onígbèsè kò bá san, wọ́n á rán aláìnítìjú ènìyàn kan lọ dógò tì í. Á wọlé, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa bèèrè oúnjẹ, á máa pariwo, á sì máa mú adìyẹ tó bá rí nílẹ̀, títí owó á fi jáde.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà láyé ìgbà yẹn tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù. Onígbọ̀wọ́ àtijọ́ mọ iye owó tó ń dúró fún, nítorí ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe kà á. Ó mọ ilé olówó, ó mọ ilé ẹni tó yá a. Gáráńtọ̀ òde òní, ọ̀pọ̀ kò mọ ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kò mọ iye owó tí ọmọ ń dì mú lójúmọ́, kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí ọmọ náà kúrò níbi iṣẹ́.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Àkọ́kọ́, ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kan dípò ẹlòmíràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, sọ ọ́ kedere ní abala 7. Ó tún sọ ní abala 8 pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà tún un sọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ ti ìyá aláṣọ mọ́lé kí ọmọ tó sá lọ lè jáde, òfin kò sí lẹ́yìn wọn. Àfi tó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló pa ọmọ náà mọ́, tàbí tó bá wọn pín nínú ẹrù. Ìyẹn ti di ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀.

Èkejì, kí ọkàn má fi ìyẹn balẹ̀ jù. Bí ọlọ́pàá kò bá lè mú un, ilé-iṣẹ́ lè gbé ìwé náà lọ sílé ẹjọ́ pé kó sanwó. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1677, tí wọ́n gbé wọ Nàìjíríà, ní ìlérí pé èmi á san gbèsè ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kí ẹni tó ṣe é sì buwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lé ọwọ́ Màmá kiri pẹ̀lú bírò.

Ẹ̀kẹta, ilé-iṣẹ́ náà ní òtítọ́ tó gbọ́dọ̀ sọ. Ní ọdún 1912, ẹjọ́ kan wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì London General Omnibus àti onídùúró kan tó ń jẹ́ Holloway. Ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ náà ti kówó wọn jẹ tẹ́lẹ̀. Wọn kò sọ fún onídùúró. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tún kówó jẹ, wọ́n ní kí onídùúró san án. Ilé ẹjọ́ ní kò ní san. Irú ìdájọ́ yìí ni lọ́yà tó mọṣẹ́ lè gbé síwájú adájọ́ níhìn-ín bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ pa onídùúró láyò.

KÍ ÈNÌYÀN TÓ MÚ BÍRÒ

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ dúró fún ọmọ ènìyàn, kó gba fọ́ọ̀mù náà mọ́jú. Iṣẹ́ tí kò lè dúró di ọ̀la kí wọ́n fi ka ìwé, ó yẹ kó kọ ènìyàn lóminú. Kó fún ọmọ rẹ̀ tàbí ẹni tó gbọ́n tó lè túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ẹni tó mú fọ́ọ̀mù wá kọ́ ni kó túmọ̀ rẹ̀ o.

Bí owó bá wà níbẹ̀, kó ní kí wọ́n kọ iye tó mọ. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ₦100,000, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò ní san ju ₦100,000 lọ. Kó kọ ọjọ́ tó máa parí, bí ọdún kan. Kó kọ ọ́ pẹ̀lú pé òun lè yọ ara òun bí òun bá fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn. Inú ìwé ni kí ọ̀rọ̀ yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àtiyọ ọrùn lẹ́yìn ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ kì í rọrùn. Ilé-iṣẹ́ mìíràn á ní àwọn kò gbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ti mọ irú ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé rù ú nìyẹn.

Kó ya àwòrán fọ́ọ̀mù náà sínú fóònù, kó sì gba ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́. Kó lọ wo ibi iṣẹ́ náà, tàbí kó pe ọ̀gá ibẹ̀. Bí ó bá sì gbọ́ pé ọmọ ti kúrò níbẹ̀, kó kọ̀wé kíákíá, kó gba ìwé pé òun ti bọ́.

Ṣé kí ènìyàn kúkú máa kọ̀ fún gbogbo ayé ni? Rárá o. Ọmọ rere tí kò lẹ́nìyàn ń bẹ nílé tó ń wojú òrùlé, kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Ìtìjú àti àìní ń lé irú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìbuwọ́lùwé bí ẹni ń ta ẹ̀pà, tí wọn kò mọ ọmọ, tí ọmọ kò mọ̀ wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti tan ara rẹ̀ jẹ.

Ọ̀gá tó kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọdún mẹ́ta, tó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i lọ́wọ́, tí náírà kan kò dín, ta ló tún mọ ọmọ náà jù ú lọ? Kí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kọ ìwé ẹ̀rí ìwà, kó kọ ọ́ tọkàntọkàn. Ti owó ni kó ṣọ́. Bí ó bá sì fẹ́ kọ̀, kó kọ̀ tìfẹ́tìfẹ́: "Ọmọ mi, màá jẹ́rìí ẹ níbikíbi, ṣùgbọ́n n kò ní agbára ìwé owó yìí." Ìyá ọmọ lè bínú lọ́sẹ̀ kan. Ìyẹn sàn ju kí àjọdá èésú dópin láéláé lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n dúró fún, ẹ rántí pé kì í ṣe orúkọ yín nìkan lẹ gbé wọ ibi iṣẹ́. Àtẹ ìyá kan wà lórí yín. Bójú bá yẹjú, kóhùn má yẹ̀.