Kámẹ́rà Ọjà: Ọwọ́ Ta Ni Yóò Wà?

 

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ti gba ẹnu gbogbo wa ní Apọ́ngbọ̀n. Àwọn kan ní kí á dá owó rẹ̀ kíákíá. Àwọn mìíràn ní ṣe ni wọ́n fẹ́ fi máa ka iye tí a ń tà. Èrò tiwa ni pé kí á gbé e sí ọjà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ó má jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Kámẹ́rà kì í mú olè, àwòrán ló ń yà. Wáyà ló ń gbé àwòrán náà lọ sínú àpótí tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí àpótí bá kún, tuntun á pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹni tí àpótí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ẹ̀rí. Bí ó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, tó wá lọ jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló jí ọjà ńkọ́? A ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ kí Ìyálọ́jà, akápò àti akọ̀wé máa rí àwòrán kan náà lórí fóònù wọn. Kí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń pa á rẹ́ má sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbòmíràn. Ẹ rántí iná tó jó lábẹ́ afárá wa ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2022, tí ìjọba fi ti afárá pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ilé bá ń jó, àpótí inú rẹ̀ náà á jó.

Iná mànàmáná ńkọ́? Olè mọ ìgbà tí NEPA mú iná lọ ju àwa lọ. Ní 2010 ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn 470 mílíọ̀nù dọ́là, kámẹ́rà 1,000 fún Èkó, 1,000 fún Àbújá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣiṣẹ́, àwọn aṣòfin sì ti bèèrè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ibi tí owó náà wọlé sí. Tí owó tó tóbi tó báyẹn bá lè ṣòfò, owó tí àwa tú nídìí ìró ńkọ́?

Èyí tó ká wa lára jù ni ti àwọn alábàárù. Bí ẹrù kan bá sọnù, ọmọ tó rù ú la kọ́kọ́ ń dì mú. Kí á tó wí, wọ́n ti ń pariwo olè, àwọn kan ti ń wá táyà kiri. Nígbà míì, abẹ́ tábìlì oníǹkan lẹrù ọ̀hún wà! Bí kámẹ́rà bá dé, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọwọ́ sókè àfi bí a bá wo àwòrán tán. Bó bá jẹ́ olè lóòótọ́, tẹ́ṣàn ni kí á gbé àwòrán lọ, kì í ṣe orí WhatsApp. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni kan àwòrán ojú ènìyàn náà.

Ẹ má sì tìtorí kámẹ́rà lé àwọn ọlọ́dẹ. Àwọn ló lẹ́sẹ̀ tí wọ́n lè fi sá tẹ̀lé olè.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí á tó dá kọ́bọ̀, kí àwọn olóyè wa sọ fún wa: ta ni yóò máa san owó dátà lóṣooṣù, ibo ni àpótí yóò wà, ta ni yóò sì máa wò ó lóru tí gbogbo wa bá ti relé?